Sídì ló pa ọkọ̀ náà, kì í ṣe tírélà

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ kan ní òpin oṣù October 2022, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó ń gbé ní Madina, ní ìlú Accra, pè mí lórí fóònù. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ kú alẹ́ o. Wọ́n ní mọ́tò mi ti kú." Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́ lóru tí kò ní í ta gìrì. Mo bi í léèrè ta ló wà nínú rẹ̀, ta ló fara pa. Ó ní kò sí ẹni tó wà nínú rẹ̀ lónìí, pé ọ̀rọ̀ tírélà tó kọlu òun ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn lójú ọ̀nà márosẹ̀ Accra sí Tema ni òun ń sọ, èyí tí a ti jọ dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé èjìká nìkan ló dun òun. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni lẹ́tà. Iléeṣẹ́ adójútòfò tó ń sanwó fún lọ́dọọdún ti kọ̀wé sí i pé àwọn ti yẹ ọkọ̀ náà wò, pé ó ti kọjá àtúnṣe, kí ó wá gba 76,000 sídì, kí ó fọwọ́ sí ìwé kan, kí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ àti ìwé ọkọ̀ sílẹ̀ fún àwọn. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún un.

"Fítà mi sì ní irọ́ ni wọ́n ń pa, pé òun lè tún un ṣe kó rí bíi tuntun. Kí ni kí n ṣe, Bùọ̀dá?"

Fítà ni àwọn ará Gánà ń pe ẹni tí àwa ń pè ní mẹkáníìkì.

Mo sọ fún un pé kó má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ìmọ̀ràn tí mo lè fún un lóru ọjọ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èmi náà kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn tún wà. Nínú ìdílé wa, a mọ ohun tí ìwé tó bá fún èèyàn ní ọjọ́ díẹ̀ máa ń ṣe. Ní November 18, 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá ọmọbìnrin yìí, ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́, ní ọkọ̀ ẹrù Bedford kan tó ń gbé ọjà láti Accra lọ sí Kumasi. Ọjọ́ kẹwàá ló tà á, fún ẹni tó kọ́kọ́ na owó sí i, iye tó sì gbà kò tó ra táyà rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó padà sí Accra lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ibẹ̀ ló sì ti bí ọmọ yìí, ṣùgbọ́n títí ó fi di olóògbé ni ó ń sọ̀rọ̀ Bedford náà. Kì í ṣe pé ó tà á ló ń dùn ún. Ó ní ohun tó ń dun òun ni pé òun kò bi ẹnì kejì léèrè iye tí yóò san.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orúkọ tí àwa Yorùbá fún àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí. Adójútòfò: ẹni tó dójú ti òfò. Orúkọ náà dára, ó sì ń tan ni jẹ díẹ̀, nítorí iléeṣẹ́ náà kò ṣèlérí láti dójú ti gbogbo òfò. Iye kan ló ṣèlérí rẹ̀, iye náà sì wà nínú ìwé. Àwọn àgbà wa ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àwọn adójútòfò kò gba òwe yìí gbọ́ rárá. Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn, tí àwọn adájọ́ ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù là kalẹ̀ nínú ẹjọ́ Castellain àti Preston ní 1883, tí òfin Gánà àti ti Nàìjíríà sì jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni pé ẹni tó ṣòfò kò gbọdọ̀ jèrè nínú òfò rẹ̀. Kí wọ́n dá a padà sí ibi tó wà kí òfò tó dé, kí wọ́n má sì gbé e kọjá ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ibi tí wàhálà wà ni pé ta ni yóò sọ ibi tí èèyàn wà kí òfò tó dé?

Ní Gánà, òfin 1958 ló sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọkọ̀ ní ìdójútòfò ti ẹni kẹta, èyí tí gbogbo wa ń pè ní tádì páátì. Ìyẹn kò kan ọkọ̀ tiyín. Ẹni tí ẹ bá fi ọkọ̀ ṣe léṣe, tàbí tí ẹ ba dúkìá rẹ̀ jẹ́, ni ó wà fún. Láti January 1, 2020 ni NIC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn adójútòfò níbẹ̀, ti kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kan náà, tí ọlọ́pàá sì lè fi fóònù yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ wò lójú pópó, kí sítíkà ayédèrú lè dín kù. Bákan náà ni fún ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ láti Èkó gba Sẹ̀mẹ́, Cotonou àti Lomé lọ sí Accra pẹ̀lú káàdì búráùn ti ECOWAS, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Cotonou ní May 1982. Ẹni kẹta ni káàdì náà wà fún. Bí ọkọ̀ yín bá fọ́ ní Aflao, kò ní í bá yín ra gíláàsì kan. Ẹni tó bá ra èyí tó gbòòrò jù, kọmpirihẹ́ńsíìfù, nìkan ni lẹ́tà pé ọkọ̀ ti kú lè wá bá nílé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára wọn, ó sì ti ń san án fún ọdún mẹ́rin gbáko láìbéèrè kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ pé ọkọ̀ kú nígbà tí mẹkáníìkì ṣì ń sọ pé ó wà láàyè yìí, orí omi ló ti wá. Nígbà àtijọ́, bí ọkọ̀ ojú omi bá fàyà sọ àpáta, tí owó tí wọn yóò fi fà á yọ tí wọn yóò fi tún un ṣe bá ju iye tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tó lọ, olówó ọkọ̀ a ní òun yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwọn tó dúró fún òfò, a sì gba owó rẹ̀ pé. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1906 lórí ìdójútòfò ojú omi kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé olówó ọkọ̀ ló ń pinnu nígbà náà pé òun yọ̀ǹda. Nígbà tí àṣà náà gòkè dé orí ilẹ̀, ọwọ́ yí padà, iléeṣẹ́ ló wá ń kọ̀wé sí olówó ọkọ̀ pé ọkọ̀ rẹ̀ ti kú.

Ohun tí wọ́n ń wò ni iye owó àtúnṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ọkọ̀ tó. Kò sí ìwọ̀n kan tí gbogbo ayé ń lò. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀: Florida ní kí àtúnṣe ti kó 80 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀, Texas ní àfi kó pé ọgọ́rùn-ún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi lẹ́tà pín in. Láti October 1, 2017, ọkọ̀ tó bá gba A yóò di àfọ́túútúú ni; èyí tó gba B, wọ́n lè tú ẹ̀yà ara rẹ̀ lò ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ kò gbọdọ̀ padà sí títì; S ni ti ọkọ̀ tí egungun rẹ̀ fara pa ṣùgbọ́n tó ṣeé tún ṣe; N ni èyí tí egungun rẹ̀ kò ní nǹkan kan ṣe. Ẹ fi S àti N yìí sọ́kàn, nítorí yóò wúlò fún wa níwájú.

Nígbà tí mo sọ fún àbúrò mi pé kó béèrè ìwé tí ẹni tó yẹ ọkọ̀ wò kọ, ó rò pé wọn kò ní í fún òun. Ó kọ lẹ́tà kúkúrú, ó ní òun fẹ́ rí àbọ̀ àyẹ̀wò náà kí òun tó dáhùn, ó sì ní kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kún ọjọ́ méje náà. Wọ́n fún un ní méjèèjì. Ẹ ò rí i pé ọjọ́ méje tó dà bí òfin Mósè nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, bébà lásán ni.

Ìgbà tí ó fi àbọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi ni ojú mi tó là. Corolla tí wọ́n ṣe ní 2013 ni ọkọ̀ náà. Ní January 2022 tó san owó ọdún náà, 80,000 sídì ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó tó, bẹ́ẹ̀ náà ló sì tó lọ́jà nígbà náà. Dọ́là kan kò ju nǹkan bí sídì mẹ́fà lọ ní oṣù yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Gánà ní ọdún náà kò nílò kí n rán yín létí ohun tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí October fi ń parí, dọ́là kan ti lé ní sídì mẹ́tàlá, nígbà tó sì di December, àwọn elétò ìṣirò ìjọba fúnra wọn ní iye ọjà ti fi 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè láàrin ọdún kan. Irú Corolla yẹn kan náà ti di 150,000 sídì ní ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀. Èdè Akan ni wọ́n ti mú orúkọ sídì, owó ẹyọ ló túmọ̀ sí, 1965 ni wọ́n sì fi sọ owó Gánà. Owó ẹyọ àwọn bàbá wa náà wó lulẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún nígbà tí àwọn òyìnbó ń kó o wá ní àpò àpò, nítorí náà n kò mọ̀ bóyá kí n sọ pé orúkọ náà ṣe é ní ibi.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó yẹ ọkọ̀ wò ní àtúnṣe yóò gba 68,000. Ó gbé 68,000 sí ẹ̀gbẹ́ 80,000 inú ìwé, ó rí 85 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kọ ọ́ pé ọkọ̀ kú. Bí ó bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ 150,000 tó jẹ́ iye ọkọ̀ lọ́jà ní ọjọ́ tí tírélà kọlù ú, kò ju nǹkan bí 45 lọ, kò sì sí adójútòfò kan láyé yìí tí yóò pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní òkú. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ń ti òkè òkun wá, dọ́là sì ni wọ́n fi ń rà á, nítorí náà sídì October ni iye àtúnṣe. Iye ọkọ̀ inú ìwé, sídì January ni. Tírélà fọ́ ọkọ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n sídì ló pa á.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé kó ṣáà ní kí wọ́n tún un ṣe fún òun. Èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀. Àpólà kan wà nínú ìwé rẹ̀, bó ṣe ń wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀, pé bí iye tí olówó ọkọ̀ kọ sílẹ̀ bá kéré sí iye tí ọkọ̀ tó gan-an, ìwọ̀n ohun tó kọ sílẹ̀ ni iléeṣẹ́ yóò fi bá a gbé òfò, kí ó gbé ìyókù fúnra rẹ̀. Ẹni tó kọ 80,000 sórí ohun tó tó 150,000 kò ní í rí ju nǹkan bí 36,000 gbà nínú àtúnṣe 68,000. Lójú àpólà yìí, ó sàn kí ọkọ̀ rẹ̀ kú ju kó ṣàìsàn lọ.

Mo wọ Accra ní àárín November. A jọ lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá wa lóhùn jẹ́ ọmọlúàbí, ó fún wa ní omi mu, ó sì ṣàlàyé pé 80,000 ni òkè ohun tí wọ́n lè san, pé 4,000 tí wọ́n yọ ni apá òfò tí olówó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé. Méjèèjì wà nínú ìwé, kò sí ìjà níbẹ̀. Mo wá bi í léèrè ohun kan ṣoṣo tí mo ti gbé wá láti Èkó: òkú ọkọ̀ náà ńkọ́, ta ló ni ín? Ó ní tí wọ́n bá ti sanwó, tiwọn ni. Mo ní bí ẹni tó ni ín bá wá fẹ́ mú un ńkọ́? Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Ó ṣeé ṣe. A máa yọ 20,000 nínú owó yín, kí ẹ sì máa gbé e lọ." Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú lẹ́tà. Wọn kò purọ́ o; wọn kàn kò sọ ọ́ ni, ẹni tí kò bá béèrè kò sì ní í mọ̀ láéláé. Ohun tó bí mi nínú jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ọ̀nà wá di mẹ́ta. Kí ó gba 76,000 kó fi ọkọ̀ sílẹ̀. Kí ó gba 56,000 kó mú òkú ọkọ̀, kí ó sì tún un ṣe. Tàbí kí ó gba 56,000 kó mú òkú ọkọ̀, kí ó sì tà á. Bí a ṣe kúrò ní ọ́fíìsì náà, Abossey Okai ló kàn.

Ẹni tó bá mọ Ládípò ní Mushin ti mọ ìdajì Abossey Okai. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n tò sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni tó to iṣu, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ọkọ̀, gíà, iná iwájú tí wọ́n so rọ̀ bíi ẹran alápatà, epo dúdú sì ti rin ilẹ̀ débi pé bàtà ń dún mọ́ni lẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti kú ní ìlú ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí a má tan ara wa jẹ nípa èyí: ọkọ̀ tí àwọn adójútòfò Amẹ́ríkà àti Kánádà bá kọ̀ sílẹ̀ máa ń gba èbúté Tema àti ti Èkó wọlé, wọ́n á nà án, wọ́n á kùn ún, wọ́n á sì tà á fún wa ní tòkunbọ̀. Ilé aṣòfin Gánà fọwọ́ sí òfin kan ní 2020 láti fòpin sí kíkó irú ọkọ̀ oníjàǹbá bẹ́ẹ̀ àti èyí tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá wọlé. Àwọn oníṣòwò ọkọ̀ fi igbe ta, ìjọba sì so ìmúṣẹ rẹ̀ rọ̀ ní ọdún yẹn kan náà.

A mú àwòrán ọkọ̀ dání. Ẹni àkọ́kọ́ wò ó, ó na 27,000. Ọwọ́ àbúrò mi ti ń lọ síwájú láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo wò ó lójú, ó sì rántí. A rìn síwájú. Ẹnì kejì na 31,000. Ẹnì kẹta, Hausa kan tí Yorùbá rẹ̀ já gaara nítorí pé ó ti gbé Ìlọrin rí, béèrè bóyá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àti bóyá ẹ̀yìn ọkọ̀ dá ṣáká, ó sì na 34,000. Ẹ ṣírò rẹ̀: 56,000 àti 34,000 jẹ́ 90,000. Ọ̀nà kẹta fi 14,000 ju èyí tó wà nínú lẹ́tà lọ, láìtún ìdè kan dì.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì ló wu àbúrò mi, n kò sì lè bá a wí. Fítà rẹ̀ ti kọ 47,000 sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú ẹ̀yà ara àlòkù láti Abossey Okai. Yóò gba 56,000, yóò san 47,000, 9,000 yóò ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, ọkọ̀ rẹ̀ yóò sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Lórí bébà, kò sí èyí tó tó o. Ó ń kó aṣọ láti Makola, ó sì ń gbé ọmọ mẹ́ta lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láràárọ̀ kó tó lọ sọ́jà. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ náà sì ti ń pè láti Kumasi pé kí ló dé tí yóò fi ta ọkọ̀ tó ṣeé tún ṣe.

Èmi ní kí ẹlòmíràn wò ó ná. A wá fítà mìíràn tí kò ní í rí owó kankan nínú àtúnṣe náà, a fún un ní owó àyẹ̀wò. Ọkùnrin náà fi tépù wọn ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láti igun dé igun, ọ̀tún iwájú sí òsì ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà òsì iwájú sí ọ̀tún ẹ̀yìn. Ó yẹ kí méjèèjì dọ́gba. Wọ́n fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta yàtọ̀ síra. Ṣásí ti wọ́. Àpò afẹ́fẹ́ méjèèjì iwájú sì ti bẹ́. Nígbà tí a bi fítà àkọ́kọ́ léèrè pé èló ni ó kọ sílẹ̀ fún àpò afẹ́fẹ́ tuntun, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ nǹkan kan ní èdè Twi. Àbúrò mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Ó ní ìyẹn ò le, pé òun máa pa iná rẹ̀ tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù."

Òun ni mo fi ní kí ẹ fi lẹ́tà àwọn Gẹ̀ẹ́sì nì sọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti gíláàsì ló bàjẹ́, bí ó bá jẹ́ N, èmi gan-an ni ǹ bá sọ pé kó gba òkú ọkọ̀ rẹ̀ kó jí i dìde, kí ó má sì wo ẹ̀yìn. Èyí kì í ṣe N. Ṣásí tó ti wọ́ ṣeé nà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń nà án wà, ṣùgbọ́n 47,000 fítà náà kò sí ẹ̀rọ nínú rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n àti igi ló fẹ́ lò. Mo sọ èrò mi. Àbúrò mi kò dá mi lóhùn títí a fi jẹun tán, ó wá ní, "Bùọ̀dá, ẹ má bínú o, ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi ẹni tí kò ní í wọ tróótró láàárọ̀ ọjọ́ Monday." Òótọ́ ni. Èmi yóò padà sí Èkó, ọkọ̀ mi sì ń bẹ níbẹ̀. N kò tún sọ nǹkan kan mọ́. Ọjọ́ kejì ni òun fúnra rẹ̀ pe Hausa náà.

Ìwé tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí ló kù. Ó wà níbẹ̀ pé pẹ̀lú owó yìí, ó ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ tán, kò sì tún ní ohunkóhun í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí ìjàǹbá náà. Ẹ wo "lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni" yẹn dáadáa. Àdéhùn àwọn méjèèjì ló sọ pé 80,000 ni òkè. Onítírélà kò sí nínú àdéhùn náà. Ẹni tó bá fi àìbìkítà fọ́ ọkọ̀ ẹni, iye tí ọkọ̀ náà tó gan-an ló jẹ. Bí iléeṣẹ́ bá ti sanwó, wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti lọ gba èyí tí wọ́n san lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọn kò san, ti olówó ọkọ̀ ni. A ní kí wọ́n yọ gbólóhùn náà, kí wọ́n kọ ọ́ pé kò kan ohun tí ó lè béèrè lọ́wọ́ onítírélà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ bi ọ̀gá rẹ̀, ó dé, ó yọ ọ́. Bí ó bá kọ̀, a ti pinnu láti kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà wọn, bí ìyẹn náà bá kọ̀, kí a gba NIC lọ ní Independence Avenue, nítorí wọ́n ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ń sanwó. Ní Nàìjíríà, NAICOM ni ẹ máa tọ̀ lọ.

Ẹ má wá rò pé onítírélà sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀ o. Ọkọ̀ mẹ́ta ló kọlù lọ́jọ́ náà, iye tí tádì páátì rẹ̀ lè san lórí dúkìá ní ìwọ̀n, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn lẹ́tà agbẹjọ́rò, olówó tírélà san 12,000 lẹ́ẹ̀mejì ní 2023, ó sì dákẹ́. Ìwé ọlọ́pàá tí àbúrò mi ti gbà ní ọjọ́ ìjàǹbá gan-an ni kò jẹ́ kó lè sẹ́ rárá.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Hausa náà fẹ́ sanwó kó sì wọ́ ọkọ̀ lọ lójú ẹsẹ̀. Àbúrò mi ní rárá, àfi kí wọ́n jọ dé DVLA kí orúkọ rẹ̀ kúrò lórí ọkọ̀ náà, ó sì tú nọ́ńbà rẹ̀ méjèèjì fúnra rẹ̀. Òkú ọkọ̀ máa ń jí ní Accra, bí ó sì bá jí, tó lọ pa ènìyàn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni wọn yóò wá kàn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ fi owó báńkì ra ọkọ̀, ẹ tún mọ̀ pé báńkì ni adójútòfò yóò kọ́kọ́ sanwó fún. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni tiyín, ó sì lè má ṣẹ́kù rárá.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ Accra wá síwájú àwọn ará ilé ni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí sídì ní 2022 ni ó ṣẹlẹ̀ sí náírà lẹ́yìn June 2023. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan kò tó 480 ní owó ìjọba. Ní February 2024, ó ti lé ní 1,500. Mo bi àwọn mẹ́fà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ léèrè iye tó wà lórí ìwé kọmpirihẹ́ńsíìfù wọn. Mẹ́rin nínú wọn kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan mú tirẹ̀ jáde, mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ló wà níbẹ̀ fún ọkọ̀ tí kò lè rí rà ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Ọdọọdún ni aṣojú iléeṣẹ́ rẹ̀ ń wá gba owó, tí ó sì ń kọ iye kan náà sílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó yí i. Kò sì dìgbà tí ọdún bá yí po. Láàrin ọdún, ẹ lè kọ̀wé pé kí wọ́n gbé iye náà sókè, ẹ ó san ìyàtọ̀ owó, wọn yóò sì fún yín ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó fi sí ara ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kan kò gbà.

Àbúrò mi wọ tróótró fún oṣù mẹ́ta. Ní February 2023, ó ra Kia Picanto kékeré kan ní 72,000, ó sì ní kò fẹ́ràn rẹ̀. Láti ìgbà náà, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń pe Hausa Abossey Okai nì láti bi í léèrè iye tí irú ọkọ̀ náà ń lọ, tí ó sì ń kọ̀wé sí iléeṣẹ́ adójútòfò, títí iye inú ìwé fi dé 105,000. Nígbà tó di April àti May 2025, sídì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí: dọ́là kan já láti nǹkan bíi sídì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí bíi mẹ́wàá, iye ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ó pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní Picanto ti wá tóbi nínú ìwé ju bó ṣe tóbi lẹ́nu ọ̀nà lọ, pé òun ń sanwó lórí ohun tí wọn kò ní í san fún òun bí ó bá bàjẹ́. Iye ọjà ni wọn yóò wò nígbà náà, wọn kò ní í wo ìwé. Mo ní kí ló wá ṣe? Ó ní òun ti kọ lẹ́tà lánàá pé kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n sì dá ìyàtọ̀ owó òun padà.